Káàdì Méjì Lórí Ẹní

Lágbedeméjì àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ká máa bi ará ìlú léèrè ọ̀rọ̀ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Káàdì méjì la máa ń fi han èèyàn: ilé ìwòsàn kan wà nítòsí, nọ́ọ̀sì nìkan ló wà níbẹ̀, èkejì jìnnà, ó ní dókítà. Èwo lẹ máa yàn? Tó bá ti yàn, a ó yí nǹkan díẹ̀ padà, a ó tún bi í. Ó máa ń sú èmi alára.

Kí n tó bọ́ sí ìgboro, mo lọ fi yèyé mi dánra wò ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo na káàdì méjèèjì sí wọn. Ti ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n ń mú ṣáá, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní, "Yèyé, ṣé ẹ tiẹ̀ ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?"

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà?"

Ojú tì mí. Mo tẹ́ káàdì sórí ẹní, ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń rò ó. Wọ́n kọ́kọ́ yan ti dókítà, torí wọ́n mọ̀ pé ìyẹn ló máa dùn mọ́ mi. Nígbà tó yá, wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ wá fún wọn lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yan ti nọ́ọ̀sì. Mo fi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kún ti dókítà, wọn ò yẹsẹ̀. Ká tó parí, wọn kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán mọ́ tí wọ́n fi ń nàka sí èyí tó wà nítòsí. Mo rẹ́rìn-ín. Eré ni mo pè é.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àyà ń dùn wọ́n, wọn ò lè mí dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé mọ́tò wá láti Ọ̀fàtẹ̀dó kó lè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà l'Óṣogbo. Ẹ̀rù bà mí, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

"Ulé mi ni n ó wà," ni wọ́n wí. "Nọ́ọ̀sì ìtòsí wa ń bọ̀ wá wò mí."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ta ló fi èyí sí wọn lórí? Wọn kì í sọ irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ṣé ohun tó ti wà nínú wọn ni mo bi jáde, àbí bíbi tí mò ń bi wọ́n léraléra ló gbìn ín? Mi ò mọ̀ di òní, ó sì ń dùn mí.

"Má bá a jà," ni yèyé mi wí fún un. "Òun nìkan ló bi mí léèrè rí."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ pa mọ́tò tó ti ṣíná ẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n.