Ìyàwó Lẹ́kẹ́lẹ́ké

Ní ọdún 2006, bí ẹ bá pàdé Ìyá Rodiat ládùúgbò wa ní Ìkòròdú, ẹ ó rò pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń sùn. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Marina. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde lọ bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó wọlé, bàtà á wà lọ́wọ́. Àsíátù Ọláníyọnu ni orúkọ wọn, ọmọ Ìwó ni wọ́n. Ọkọ wọn ti kú. Rodiat, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ilé-ìwé bọ́dìn ní Ẹ̀pẹ́. Ehoro funfun tí Rodiat sọ ní Lẹ́kẹ́lẹ́ké nìkan ló kù sílé.

Yàrá mi wà lókè tiwọn, ehoro sì ti gbà mí lọ́kàn nígbà náà, kò kéré rárá! Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sáíbákáfẹ́ ni mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ké sí mi lọ́jọ́ Sátidé kan.

"Ṣàmsú, wá bá mi wo ẹran yìí. Ewé ọ̀dùnkún tí mo fún un lánàá rèé, bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ ló wà."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣàìsàn. "Mọ́mì, ó dá wà ni. Ehoro kì í fẹ́ dá gbé. Látàárọ̀ dalẹ́, kò rójú ẹnì kankan."

"Èmi náà ò rójú ẹnì kankan, mo ṣì ń jẹun." Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ilé-ìwé ni Rodiat wà nígbà tí bàbá ẹ̀ kú. Mi ò fẹ́ kó tún dé fún họlidé kó wá gbọ́ ikú míì."

Wọ́n bá ránṣẹ́ sí Sànní, àbúrò wọn tó ń sin ehoro fún títà ní Àgbówà. Ó gbé ehoro aláwọ̀ ilẹ̀ kan wá, abo bíi Lẹ́kẹ́lẹ́ké. Ìyá Adéòjó, onílé wa, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Abo ni àbí? Ìyàwó dé nìyẹn! Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ń mú ìyàwó wọlé láìwẹ ẹsẹ̀ ẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Rodiat pàápàá rẹ́rìn-ín, wọ́n bu omi tútù, wọ́n dà á sí Ìyàwó lẹ́sẹ̀. Ẹran náà ń gbọ̀n. A wá gbé e wọnú kéèjì Lẹ́kẹ́lẹ́ké tààrà kó lọ kí ìyálé rẹ̀.

Háà! Irun fò sókè! Kí n tó fa Ìyàwó yọ, etí rẹ̀ kan ti ya.

"Ìyálé yìí burú o," ni Ìyá Adéòjó wí.

Sànní mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọn ò bá rẹ́, ẹ dá a padà. Oníbàárà mi tó ń ta pẹpẹsúùpù ń retí ẹran."

Mo sáré lọ sí sáíbákáfẹ́. Mo kà á níbẹ̀ pé ehoro kì í gba àlejò sínú ilé tí òórùn tirẹ̀ ti gbà kan; ibi tí àwọn méjèèjì ò mọ̀ rí ló yẹ kí wọ́n ti pàdé. Inú mi dùn délé! Àmọ́ níbo? A gbìyànjú kíṣìnnì, a gbìyànjú balùwẹ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí Lẹ́kẹ́lẹ́ké ò tíì sáré dé nínú ilé yẹn. Gbogbo Sátidé, ìjà. Ìyá Rodiat, tó yẹ kí wọ́n máa sinmi, ni wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ là wọ́n, èékánná ehoro ti ha wọ́n lápá. Lẹ́kẹ́lẹ́ké sì ń rù sí i.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó ti tó. Mò ń kó àwọn méjèèjì lọ fún Sànní. Bó bá wà láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, bóyá á jẹun."

"Mọ́mì, Sànní á tà á!"

"Mo mọ̀. Má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ó ti rẹ̀ mí."

A kó wọn sínú báàfù ìfọṣọ kan lẹ́yìn mọ́tò Dátsùn tí ọkọ wọn fi sílẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo fi apá mi sáàárín wọn. A ò tíì jìnnà tá a fi bọ́ sínú kòtò. Báàfù fò. Kòtò míì. Tírélà kan fọn fèrè gbọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tá a máa fi dé ìyànà Ìmọ̀tà, apá mi ò ráyè mọ́! Wọ́n ti tì í kúrò, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìyàwó ti ki orí bọ abẹ́ àgbọ̀n Lẹ́kẹ́lẹ́ké, Lẹ́kẹ́lẹ́ké ń lá a níwájú orí.

"Mọ́mì! Ẹ wẹ̀yìn! Mọ́tò! Wọn ò wọ mọ́tò yìí rí, kì í ṣe ilé ẹnì kankan!"

"Má pariwo mọ́, o máa tú wọn ká." Wọ́n páàkì. Wọ́n wo báàfù náà títí, wọn ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ló kó wọn jọ."

"Ẹ̀rù náà dáa, Mọ́mì."

Wọ́n gbé orí lé sítíárìn. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣáná sí mọ́tò. A dé ìyànà Àgbówà, wọn ò yà. Wọ́n ń wà á lọ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ rọra wọ kòtò tí wọn ìbá yẹ̀ fún kí àwọn ẹran náà lè túbọ̀ lẹ̀ mọ́ra, lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n máa sinmi. Nígbà tó pẹ́, a ṣẹ́rí padà.

Nílé, mo fi ọṣẹ fọ kéèjì títí òórùn àtijọ́ fi lọ, mo gbé àwọn méjèèjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró. Kò síjà. Lẹ́kẹ́lẹ́ké fa ewé kan, Ìyàwó fa ìdí rẹ̀, àwọn méjèèjì ń jẹ ẹ́ bọ̀ láàárín.

Orí àga ni mo bá Ìyá Rodiat, wọ́n ti dijú.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun o, Mọ́mì! Ó ń—"

"Ó dáa. Bá mi pa ilẹ̀kùn dé. Iṣẹ́ wà ní Mọ́ńdè."