Àkókò Oúnjẹ Nínú Oṣù Àwẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun mìíràn lọ́dún 1955 yìí, ẹ gbọdọ̀ gbọ́ ti Lùkúmọ̀n, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń yan búrẹ́dì ní Ita Fájì l'Ékòó. Ẹnu ààrò niṣẹ́ rẹ̀. Láti ìdájí ni igi ti ń jó níwájú rẹ̀, tí òógùn ń ro tótó lára rẹ̀.

Òfin ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ sinmi lọ́sàn-án. Ní ilé búrẹ́dì yẹn, "àkókò oúnjẹ" ni gbogbo wọn ń pe ìsinmi náà. Orúkọ yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀! Nígbà tí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Lùkúmọ̀n kírun ọ̀sán tán, ó na ẹ̀yìn lélẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Alájì Bashiru, ọ̀gá rẹ̀, yọ sí i.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Àkókò oúnjẹ ni, Alájì."

"Oúnjẹ wo? Ṣé o kò gbààwẹ̀ ni?"

"Mo ń gbà á, sà."

"Oúnjẹ wo lo wá fẹ́ jẹ? Padà sẹ́nu ààrò, àbí kí n gé lára owó ọ̀sẹ̀ rẹ. Èmi náà ń gbààwẹ̀, ṣé o rí mi níbi tí mo ti ń sùn?"

Lóòótọ́ ló ń gbà á, àmọ́ ìdí fèrèsé tí atẹ́gùn ọ̀sà ń gbà wọlé ló ń jókòó sí!

Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ Lùkúmọ̀n, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sínú iná. Bí kò bá sinmi, àfi kó ba àwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kí ló wá ṣe? Lọ́jọ́ kejì, ó ra mọ́ínmọ́ín, ó tú ewé rẹ̀, ó gbé e sínú àwo, ó sì jókòó tì í níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà ìsinmi.

"O ti ṣínu ni?" Alájì pariwo.

"Rárá o, sà. Ẹ̀yin lẹ bi mí pé oúnjẹ wo. Òun nìyí. Ẹ ò ṣáà ní kí n jẹ ẹ́."

Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun bú sẹ́rìn-ín. Alájì yí padà, ó wọlé. Lùkúmọ̀n sinmi!

Àmọ́ àwọn tó ń kọjá ń rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ọjà Jankara pé Lùkúmọ̀n ń jẹ mọ́ínmọ́ín nínú àwẹ̀. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ kò gbé omi ìṣínu fún un.

"Ẹni tó ti jẹun lọ́sàn-án, kí ló tún fẹ́ ṣí?"

Ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún kúrò.

Mo bi Lùkúmọ̀n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe kúkú gbé àwo yẹn kúrò?"

"Kí Alájì lè dá mi padà sẹ́nu iná?"

Kò tíì gbé e kúrò. Ẹ má gba tẹnu èèyàn gbọ́. Ẹ gba Ita Fájì kọjá lọ́sàn-án, kí ẹ wo mọ́ínmọ́ín náà dáadáa, bóyá wọ́n ti bù ú níbì kankan.