Ẹnu La Fi Ń Fa Sóódà

Nílé ìwé wa ní Ìkòròdú, ẹnu la fi ń fa omi sóódà tó ń bó ni lára sínú ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wa wí, ìwé tó dàgbà ju tíṣà kẹ́mísìrì wa lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó jókòó tì mí, ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́, fà á le jù, ó sì gbé e mì.

Tíṣà pariwo pé ká wá epo pupa wá, torí òun la gbà pé ó ń pa oró májèlé. A gbà á lọ́wọ́ ìyá alákàrà, tíṣà sì dà á sí ọmọ náà lọ́fun. Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé epo àti sóódà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ.

Ọmọbìnrin náà yè, àmọ́ ẹ̀kọ mímu nìkan ló lè gbé mì mọ́. Nínú ìdánwò àṣejáde, wọ́n bi wá bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ. Gbogbo wa dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àbúrò mi dé kíláàsì yẹn, ìwé náà ni wọ́n tún gbé fún un. Àwọn tó ń pinnu ohun tí ọmọ ọlọ́mọ máa kọ́, ṣé wọn ò lẹ́nu ni? "Fi ẹnu fà á" ṣì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi báírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ó máa ń jáde nínú ìdánwò."