Abọ́ Núdù Tí Mo Sanwó Rẹ̀ ní Toronto

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ìdí táyà ni mo ti di ènìyàn. Abẹ́ igi kan ní Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mò ń lẹ táyà fún ẹni tó ní mọ́tò. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo ní, àwọn tó ka ìwé títí irun orí wọn fi já ló sì ń pè mí ní ọ̀gá. Owó táyà ni mo fi rán àkọ́bí mi obìnrin lọ sí Kánádà. Nọ́ọ̀sì ni. Òun ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo ibi tí òun ń gbé.

Ilé gíga kan ní ìkóríta Jane and Finch ni. Láàárọ̀, mo máa ń dúró lójú fèrèsé wo àwọn mọ́tò inú yìnyín nísàlẹ̀. Mi ò lè ka orúkọ òpópónà wọn, ṣùgbọ́n mo lè ka ojú táyà. Mo mọ ẹni tó ti pààrọ̀ sí táyà òtútù, mo sì mọ ẹni tó ń bá ikú ṣeré.

Ní ọjọ́ kẹfà tí mo débẹ̀, ọmọ mi ní, “Dad, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun níta lọ́sàn-án yìí. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Japan kan ni.”

“Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?”

“Ramen. Núdù inú ọbẹ̀ ni.”

“Núdù? Èmi? Ó kù kí o ra bísíkíìtì fún mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá mi de bọ́tìnnì kóòtù, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í dè. Mo rò pé òtútù ni.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi ju ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò kan sí lọ. Àga mẹ́sàn-án ni wọ́n tò sí iwájú káńtà pákó kan, ẹni tó ń se oúnjẹ dúró ní òdì kejì, ojú kojú pẹ̀lú ẹni tó ń jẹun. Bí a ṣe ṣí ilẹ̀kùn báyìí, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fà sẹ́yìn, mo rò pé ìjà ni.

“Wọ́n ń kí wa ni, Dad.”

Bàbá Japan kan tó ti hewú ló jókòó nídìí owó. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ dúdú bíi tèmi. Ó fi aṣọ wé orí, ó fi ìbòjú bo imú àti ẹnu. Mo rò pé ará Jàmáíkà ni.

Mo béèrè omi ìfọwọ́, aṣọ tútù ni wọ́n fún mi. Wọ́n gbé igi méjì síwájú mi, mo ní kí wọ́n gbé fọ́ọ̀kì wá. Gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ń fa núdù wọn ṣùrùrù bí ẹni ń fa imú. Nílé mi, ọmọ tó bá jẹun báyẹn, etí rẹ̀ á gbọ́ tọwọ́ mi.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́. Ọbẹ̀ náà dùn. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sè títí ó fi funfun bí omi ògì, ẹran rẹ̀ sì ń yọ́ lẹ́nu kí eyín tó kàn án. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Mo gbé abọ́ náà lọ́wọ́ méjì, mo mu omi rẹ̀ títí mo fi rí ìdí abọ́. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀, mo lu káńtà, mo sọ ọ́ sókè, nítorí mo gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi àwa méjì:

“Ẹni tó se ọbẹ̀ yìí, bó bá jẹ́ obìnrin ni, ǹ bá san owó orí rẹ̀ kí n tó dìde!”

Ẹni tó ń se ọbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀.

“Ẹ ṣeun, sà. Ṣé iyọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ jù?”

Kí n tó la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀. Àyè ò sí lẹ́yìn káńtà yẹn, ó kàn rì mọ́ wa lójú bí ẹni tó já sí kànga. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ láti ilẹ̀: “Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú ìrìn àjò.”

Ọmọ mi ò wo ojú mi. “Dad, òun ni mo fẹ́ fẹ́.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ̀. Bàbá ìyàwó mi ti búra pé òun ò ní fún fọganáísà lọ́mọ. Mo yan ẹran ọ̀yà kan, mo fi rán àǹtí ìyàwó mi sí i, mo ní kó má sọ ẹni tó ni ín. Bàbá jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. Ìgbà tó lá ọwọ́ tán ni mo jáde láti yàrá, mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ó ti jẹ ẹ́, ó ti gbà. Ìtàn yìí ni mo fi ń ṣakọ níbi gbogbo tí mo bá jókòó sí. Ọmọ mi ti gbọ́ ọ ju àdúrà àárọ̀ lọ. Pańpẹ́ tí mo fi mú bàbá ìyá rẹ̀ ló wá dẹ fún èmi gan-an, ní ìlú òtútù.

“Dìde,” mo sọ fún ọkùnrin náà. “Kí lo kà?”

“Ẹnjiníà, sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kà á.”

“Ẹnjiníà wá ń se núdù.”

“Mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ẹrù gbígbé ní ìlú Brampton, sà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti wà lọ́dọ̀ bàbá yìí. Wọ́n fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́.”

“Bàbá tìẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ti ṣaláìsí, sà. Màámi ló tọ́ mi.”

“Ó hàn. Obìnrin nìkan ló tọ́ ẹ, ni o fi wá mọ iṣẹ́ obìnrin. Irun ńkọ́, ṣé o máa ń dì í?”

Ó yí ojú sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Mo rí i, ó sì dùn mọ́ mi.

“Dad, ẹ jọ̀ọ́.” Ọmọ mi di apá kóòtù mi mú. “Ẹ ti jẹ ẹ́. Ẹ ti mu omi rẹ̀ tán. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ ti gbà.”

Bàbá ìyàwó mi ò gbọ́n. Èmi gbọ́n.

“Èló ni oúnjẹ yìí?”

“Wọn ò gbowó lọ́wọ́ yín. Òun ló—”

“Mo ní èló ni?”

Mo yọ owó, mo tẹ́ ẹ sórí káńtà, mo fi abọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. “A kì í sanwó oúnjẹ nílé àna ẹni. Mo ti san. Oníbàárà ni mí, n kì í ṣe àna ẹnikẹ́ni.”

Ọmọ mi nawọ́ kó lè mú owó náà kúrò. Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó mú owó náà lọ fún bàbá yẹn, ó sì gbé ṣéńjì mi padà wá nínú àwo pẹlẹbẹ kan, ọwọ́ méjì ló fi gbé e.

“Ẹ ṣeun, sà. Ẹ tún padà wá o.”

Kò bínú. Ì bá bínú, ǹ bá mọ ohun tí màá tún sọ. Àwọn ọmọbìnrin òyìnbó méjì ṣí ilẹ̀kùn, ó sì pariwo kí wọn gẹ́lẹ́ bó ṣe pariwo kí wa. Ó gbé abọ́ mi, ó ṣàn án, ó to òmíràn. Ó ti parí ọ̀rọ̀ mi kí n tó wọ kóòtù tán.

“Dìde,” mo sọ fún ọmọ mi, “à ń lọ.”

“Mi ò tíì jẹun, Dad.”

Abọ́ rẹ̀ kún síwájú rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó mú igi méjèèjì, ó tẹrí ba, ó sì fa núdù náà ṣùrùrù, sókè, bíi tiwọn.

Mo jáde. Yìnyín ń já, mo ti gbàgbé fìlà mi sórí àga, mi ò sì lè wọlé padà lọ mú un. Wọ́n kọ nǹkan sí ara gbogbo òpó tó wà níbẹ̀, ọ̀kan ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo wo ilẹ̀. Ojú táyà bọ́ọ̀sì kan wà nínú yìnyín, ó fẹ̀, ó ti gbó létí. Mo ń tẹ̀ lé e lọ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ọmọ mi ni. Ó dé fìlà náà fún mi lórí. Ó ti pe mọ́tò lórí fóònù, mọ́tò náà sì ti dé. Ó ṣílẹ̀kùn, mo wọlé, mo sún fún un. Kò wọlé. Ó sọ ibi tí yóò gbé mi sí fún dẹ́rẹ́bà, bí ìgbà tí mo bá ń fi táyà ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn.

Mo ti padà sí Ìbàdàn kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó náà ní Toronto. Ìyá rẹ̀ lọ, ó mú fọ́tò bọ̀, ó gbé e sórí tábìlì fún mi. Àga tó yẹ kí bàbá ìyàwó jókòó sí, bàbá Japan yẹn ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n dé fìlà fún un, ó sì gẹ̀ ẹ́ bí ọmọ Ìbàdàn. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ gbalaja. Àyè wà níbẹ̀. Mo rí i láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Kábàámọ̀ kí ni? Mo jẹun, mo sanwó.