Àtọ́kẹ́ Fẹsẹ̀ Gun Òkè Màpó

Orí fóònù ni Àtọ́kẹ́ ti gbọ́ ohùn Sọ̀fíyàt, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kẹ́yìn. Ìjọba ti ní kónílé ó gbélé nítorí Kòrónà. Àtọ́kẹ́ wà ní Mọ́lété lọ́dọ̀ Mujeebat, ọmọ rẹ̀. Sọ̀fíyàt wà nílé bàbá wọn lókè Màpó, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

"Àtọ́kẹ́, wọ́n ní o ti sanra débi pé àga ń bẹ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ṣí ìlú, má gun ọ̀kadà wá bá mi o. Ẹsẹ̀ ni kí o fi wá."

Àtọ́kẹ́ ní òun gbọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Sọ̀fíyàt lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé ilé náà. Mujeebat ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, ó ní àwọn àgbà ni àrùn náà ń wá.

Àtọ́kẹ́ jókòó. Ìbànújẹ́ ń jẹ ẹ́, òun náà ń jẹ ẹ̀bà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló ń sín tà ní Ọjà'ba, ṣùgbọ́n tìdí tirẹ̀ fún mọ́ ọn lára títí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mú ṣíbí nílẹ̀, okùn já, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ìlú ṣí, gbogbo ọjà ló ń kí i pé ara rẹ̀ dá, pé kónílé-ó-gbélé gbè é. Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó ti gbìyànjú àtirìn lọ síbi sàréè, ìgbà tó dé Bódè, orúnkún kọ̀ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mẹkáníìkì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọlọ́kadà ní òun á gbé e dé òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní rárá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí òun fi wá.

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti kírun àsùbá, á jáde, á rìn débi tí orúnkún bá gbà, á padà. Ó dín ẹ̀bà alẹ́ kù. Ó sín ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn sídìí. Bó bá ti ń dẹ̀, á yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, á tún un so. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ìró ò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń yìn ín tẹ́lẹ̀ wá ń rọra bi í pé, ṣé kò sí? Àwọn kan ní ìtọ̀ ṣúgà ni, àwọn kan ní òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ìrìn dé, ó bá àwọn àáfà nílé lórí ẹní, àkàrà kún inú àwo. Ó rò pé Sọ̀fíyàt ni wọ́n ń ṣe sàárà fún. Ó jókòó, òun ló ń ṣe àmín tó ròkè jù, àfi ìgbà tí àáfà àgbà ní, "Ọlọ́run á dá ara ìyá wa Àtọ́kẹ́ padà fún wọn."

"Ara wo?" ni Àtọ́kẹ́ wí. "Ara tí mo fẹsẹ̀ ara mi lé lọ, ẹ̀yin fẹ́ bá mi pè é padà?"

Ẹ̀rín gba ẹnu àwọn àáfà. Mujeebat dọ̀bálẹ̀ tán, ó kúnlẹ̀, kò mọ èwo ni kó ṣe. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun tí òun fi pè wọ́n.

"Wọ bàtà ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Tẹ̀ lé mi."

Wọ́n kọjá Bódè, wọ́n kọjá Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Ní Ọjà'ba àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é, ó kàn ń juwọ́ sí wọn. Ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, Mujeebat di òpó iná mú, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi." Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní kó rọra máa bọ̀, kó wá ra ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lọ́wọ́ òun.

Ó dé ẹ̀yìnkùlé, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn. Ó dúró ṣánṣán níbi ẹsẹ̀ sàréè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé. Ẹsẹ̀ ni mo fi wá."

Ó fa gbogbo koríko orí sàréè náà tu. Ilẹ̀ pupa lásán ló kù níbẹ̀. Wọn ò tíì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ.