Ẹ̀kán Omi Lórí Tábìlì Màdáámù

Kí ọkùnrin máa jowú ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa jowú ìyàwó ara rẹ̀ nítorí fáníìṣì! Ẹ gbà mí o.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọkọ yìí ní Dígí, nítorí bó bá kun tábìlì tán, wàá rí eyín ara rẹ níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́, kó lè máa bá a kun ẹsẹ̀ àga. Ẹsẹ̀ àga nìkan o! Àfi bí obìnrin yìí ṣe mú búrọ́ọ̀ṣì, tó ń kun fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn, tí kò kánjú. Kò pẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, "Màdáámù ńkọ́?" ni yóò kọ́kọ́ bi Dígí, àfi bíi pé mẹ́gàdí ni.

Dígí á fi ẹ̀yìn eyín rẹ́rìn-ín: "Wọ́n ń bọ̀." Bó bá ku òun nìkan, á ní, "Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ta ló ń bá wí? Ohun tó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí oníbàárà tún wọlé, kó ní Dígí lòun fẹ́.

Ẹni tó wá wọlé ni ọ̀gá ilé-ìwé kan, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó gbé tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀ wá. "Màdáámù ni kó kùn ún o," ló wí lójú Dígí kòrókòró. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé náà máa wá gbé tábìlì rẹ̀, ìyàwó lọ ra sáńpépà tí wọ́n fi ń ha igi. Dígí ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Inú ń bí i, ó ju omi jìnnà, ẹ̀kán bíi mélòó kan bà sórí tábìlì náà.

Kó nù ún wéré, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fáníìṣì tí ìyàwó rẹ̀ kùn lánàá kò tíì le. Bí omi bá jókòó lé e, etí omi náà á máa fa ojú fáníìṣì sókè díẹ̀díẹ̀, bó bá sì gbẹ tán, á fi òrùka funfun sílẹ̀. Aṣọ ìnuǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ní kó bà síbẹ̀ ni?" ló wí, ló bá jókòó. Ó ń wo omi náà bó ti ń kéré sí i, títí ó fi gbẹ.

Ìyàwó dé, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Bàbá àwọn ọmọ mi, kí ló dé síbí?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Bóyá o ò kùn ún dáadáa."

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé bá wọn. Ó tẹ̀ ba, ó fìka tọ òrùka kan, etí rẹ̀ ga. Dígí ń retí kó kọjú sí ìyàwó. Dígí fúnra rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ẹ̀yin lẹ kùn ún, àbí? Mo ní Màdáámù ni mo fẹ́!"

"Rárá o, mà," ìyàwó dáhùn. "Èmi ni mo kùn ún."

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ yé bò wọ́n láṣìírí, jàre. Ṣé mi ò mọ iṣẹ́ yín ni? Ẹ tún un kùn, màá padà wá. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí Bàbá fọwọ́ kàn án o."

Ó lọ. Dígí lanu pé kóun wí pé òun kọ́. Òótọ́ sì ni, òun kọ́ ló kùn ún. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti gbójú sókè, ó ń wò ó.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, omi yẹn," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ò rí i ni?"

Ohùn rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ pé òun ò rí i. Dígí mú aṣọ ìnuǹkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu òrùka tí kò ṣeé nù mọ́.