Ọpẹ́ Àwọn Ìyá Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Òórùn òrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kó tó wá kan òórùn àbẹ́là àti ti àwọn àga onípákó tí òjò máa ń pa lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ìyá àgbà tó ń wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ló máa ń fi òrí pa ọwọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé, nítorí oríkèé tó ń ro wọ́n. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn òrí lára ẹnikẹ́ni, inú mi á kàn dédé bàjẹ́. Ẹni tó bá wà nítòsí á rò pé wọ́n ṣẹ̀ mí ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà yẹn, mo háyà yàrá kan ní Sábó, mo sì ń bá olùkọ́ mi àtijọ́ kan ṣiṣẹ́ ìwádìí. Obìnrin ni, Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ohun tó ń wádìí ni bí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé kà ṣe lè máa lo kọ̀ǹpútà àti fóònù fúnra wọn, láì máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àjọ kan láti òkè òkun ló ń gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀. Owó yẹn la fi ra táàbù, àwọn fóònù ńlá pẹlẹbẹ yẹn, tí a pín fún àwọn ìyá náà, òun náà la sì fi ń ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, tí yóò máa fi ohùn Yorùbá ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kò tíì kà á dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn díẹ̀, ohùn náà á lọ́ ọ mọ́ra débi pé èmi tí mo mọ̀wé gan-an kò ní mọ ohun tó ń wí. Ojú táàbù náà kì í sì í gbọ́ ti ìka wọn. Ìka àgbà ti gbẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún un tẹ̀, kò ní dáhùn. Kálukú wá ń gbé aṣọ tútù kékeré kan wá láti ilé, tó fi ń nu ìka kó tó tẹ nǹkan. Àtúnṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí la fẹ́ fi apá kejì owó náà ṣe, bí àjọ náà bá fún wa.

Èyí tó sún mọ́ mi jù nínú wọn ni ìyá kan tó ti ṣiṣẹ́ aránṣọ rí. Màmá ni mo ń pè é. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin, ń gbé nílùú òyìnbó. Ọmọ náà máa ń pè é láti kí i, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, ó ní ẹnu òun kì í gbé e, àfi kí òun kọ ọ́. Ayálégbé kan lẹ́yìnkùlé ló máa ń bá Màmá ka ohun tó bá kọ. Ọjọ́ tó kọ ọ́ pé òun àti ọkọ òun ti túká, ayálégbé yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti ń wá bá Màmá kẹ́dùn. Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń nu ìka rẹ̀, kò gbójú sókè.

“Tíṣà, ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀,” ó ní. “Kí n ṣáà máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi kí àwọn tó kù tó gbọ́.”

Nígbà tí owó apá àkọ́kọ́ ń tán lọ, àjọ náà rán òyìnbó méjì wá wò wá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn á fún wa ní apá kejì. Ọ̀gá ti bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n sọ òótọ́, kí wọ́n má fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àfi bí a ṣe dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà tí a bá wọn nínú aṣọ ìmúròde, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti to àga, gbogbo aṣọ tútù ti wọ inú báàgì lọ. Ìdúró wọn yẹn ti kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀, àwọn àlejò sì ní kí n béèrè ohun tó ṣì ń ni wọ́n lára nínú ẹ̀rọ náà.

Màmá ló dìde. “Kò sí o. Ẹ bá wa sọ fún wọn pé gbogbo ẹ̀ pé. Ó ń kà á geere, ó sì ń gbọ́ tiwa. Ọlọ́run á bù kún wọn.”

Mo tún un béèrè, mo ní ọ̀rọ̀ ìka ńkọ́, Mà. Ó wò mí. Ìwọ náà mọ ojú yẹn, ojú tí ìyá ẹni fi ń wo ọmọ tó bá ń tọrọ ẹran níwájú àlejò. Kò sí ọmọ tí a tọ́ nílé tí í rí ojú yẹn tí í tún sọ̀rọ̀. Mo túmọ̀ ohun tó wí bó ṣe wí i, àwọn yòókù tẹ̀lé e pẹ̀lú àdúrà lóríṣiríṣi, àwọn òyìnbó náà ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, Ọ̀gá fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ kù sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ẹnu àwọn tó ń lo ẹ̀rọ gan-an ni àwọn ń gbọ́, kì í ṣe ẹnu olùwádìí tó ń wá owó. Ọ̀gá gan-an ló fi òfin yẹn kọ́ wa ní kíláàsì, pé kí a máa gba ohun tí ẹni tó ń lo nǹkan bá sọ gbọ́.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo bi Màmá léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé ti ń dà mí lórí rú.

“Ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà,” ó ní. “Ṣé ká wá máa bú ẹ̀bùn lójú ẹni tó fún wa ni?”

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Ìgbà òjò ni èsì dé. Ọ̀gá kà á lórí fóònù rẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Yábàá, ó da ojú fóònù náà dé orí tábìlì, ó ń wo ìta. “Wọ́n ní a kú oríire,” ó ní. “Wọ́n ní tiwa ti yanjú, ibi tí nǹkan ò tíì yanjú ni àwọn ń gbé owó lọ.” N ò rí oríire tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí. Àjọ náà ló ni táàbù, wọ́n sì ní ká kó wọn padà.

Èmi ni wọ́n rán lọ. Mo lọ láti ilé ìyá kan dé ilé èkejì nínú ẹrẹ̀, kò sì sí èyí tó bá mi jà nínú wọn, èyí ló tiẹ̀ dùn mí jù. Màmá fi etí ìró rẹ̀ nu tirẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ń dán, kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó wá bi mí wẹ́rẹ́ pé, “Ṣé ọpẹ́ wa ò tó ni?”

Mo ní ó tó, Mà. N ò mọ bí ẹnì kan ṣe lè ṣàlàyé fún un pé ọpẹ́ yẹn gan-an ló ti ilẹ̀kùn. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan inú fóònù ni mo wà báyìí, níhìn-ín ní Yábàá. N kì í bi àgbàlagbà kankan pé ṣé nǹkan wa dára. Mo máa ń ní kó jẹ́ kí n jókòó tì í, kí n ṣáà máa wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé sùúrù ni mo ní.

Mo ti dìde láti máa lọ lọ́jọ́ tí mo lọ gba táàbù yẹn nígbà tí fóònù kékeré Màmá dún. Ọmọ rẹ̀ ti kọ̀wé. Ó wo ojú fóònù náà pẹ́, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wá nà án sí mi, ó ní kí n bá òun kà á, kí n rọra kà á. Mo kà á. N ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, kò sì yẹ kí èmi ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀.